Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Nẹ́búláísà wo ló yẹ ilé yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú alásímà nílé, ẹ má wo owó nìkan. Iṣẹ́ nẹ́búláísà ni kó sọ oògùn olómi di ìkùukùu tó fẹ́lẹ́ débi tí yóò fi wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kán rẹ̀ tó bá ju máíkírómítà 5 lọ, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dúró sí.

Oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń pariwo, oògùn díẹ̀ sì máa ń ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ife rẹ̀, àmọ́ kì í yan oògùn bíi tàwọn yòókù. Iná ni ìṣòro ibẹ̀: bí wọ́n bá mú iná lóru, tí ọmọ ń mí gúlegúle, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ irú nẹ́búláísà tí wọ́n ń pè ní mesh, tó ń lo bátìrì, tí kì í pariwo, tí oògùn kì í sì í ṣẹ́kù púpọ̀ sínú rẹ̀. Ó wọ́n lóòótọ́, ihò wínníwínní ara rẹ̀ sì tètè ń dí bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́. Irú kẹta, ti ultrasonic, ń mú oògùn gbóná. Ẹ má fi oògùn budesonide sínú rẹ̀.

Bí oògùn bá ń pẹ́ kó tó tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ yẹ fílítà àti ife rẹ̀ wò.