Ihò Eléérú

Ihò Eléérú jẹ́ ibùgbé àtijọ́ lábẹ́ àpáta, nínú igbó lẹ́bàá Ìsarun, nǹkan bíi kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ihò tí ó ní eérú. "Iwo Eleru" tí ọ̀pọ̀ ìwé kọ jẹ́ àṣìkọ.

Arìnrìn-àjò tí ó bá gbéra láti Akotogbo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yóò rí i pé ilẹ̀ ń yí padà bí ó ti ń lọ sí àríwá. Iyanrìn àti amọ̀ ló pọ̀ ní ìhà gúúsù. Ní agbègbè Àkúrẹ́, àpáta ńláńlá yọrí láàrin igbó. Akọ òkúta, irú èyí tí ń ta iná nínú ìbọn ṣakabùlà àtijọ́, kò sí nínú àpáta wọ̀nyí, nítorí inú òkúta ẹfun ni ó ti ń wá. Ní Grime's Graves, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìgbàanì fi ìwo àgbọ̀nrín gbẹ́ kòtò tí ó lé ní 400 láti wá a. Àwọn ará Ihò Eléérú lo òkúta quartz àti chalcedony ní tiwọn.

Ìwalẹ̀ ọdún 1965

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó darí ìwalẹ̀ náà. Òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn, tí wọ́n rí níbẹ̀, lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Èérún ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn àfọ́kù tí ń já bọ́ nígbà tí a bá ń fi òkúta lu òkúta. Nínú ìpele òkè ni ìkòkò àti àáké olókùúta dídán ti fara hàn. Irú àáké bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ máa ń hú lóko tí wọ́n ń pè ní ẹdùn àrá, tí a gbà pé Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni egungun ènìyàn kan wà. Èédú tí a yẹ̀ wò fún un ní nǹkan bíi 11,200 ọdún. Àyẹ̀wò tí Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 ní ó wà láàrin 11,700 sí 16,300. Agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀. Ó jọ ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ju ti ènìyàn òde òní lọ.

Àbẹ̀wò

Ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ kí àwọn àgbà Ìsarun, kí ó sì mú ẹni tí ó mọ ọ̀nà dání. Kò ní bá kòtò ìwakùsà kankan níbẹ̀. Àpáta tí ó ṣíji bo ilẹ̀ ni yóò bá. Bí ó bá rí èérún òkúta lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe mú un. Ìpele tí òkúta wà nínú ilẹ̀, àti èédú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí ó bá ti wọ àpò àlejò ti di òkúta lásán. Òfin Nàìjíríà pẹ̀lú ka ìwalẹ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ léèwọ̀.

Ohun tí ilẹ̀ náà pa mọ́ kò tíì tán. Láti ara egungun ẹran àti ìyókù ewéko, ìwádìí tí ó jáde ní 2023 fi hàn pé igbó kò kúrò ní àyíká Ihò Eléérú ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dàn gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè náà ní nǹkan bíi 6,000 ọdún sẹ́yìn.