Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Máúsì tó fúyẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń gbá géèmù, èwo gan-an ló dára?

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo! Ọ̀rọ̀ eku ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe èkúté tó ń jẹ ẹ̀wà yín nínú àpò, kì í sì í ṣe ẹmọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Eku tí àwọn ọmọ ń bẹ̀ yín kí ẹ rà fún wọn ni: máúsì kọ̀ǹpútà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí rèé. Àbúrò mi obìnrin kan ń ránṣọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fẹ́ràn géèmù ìbọn orí kọ̀ǹpútà bí ẹni fẹ́ràn dòdò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu: "Mọ́mì, ẹ ra máúsì tó fúyẹ́ fún mi. Èyí tó wà nílé yìí wúwo bí òkúta. Òun ló ń jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa nà mí." Nígbà tó sú ìyá, ó ní kí n bá àwọn dé ọjà. Ẹni tó ń tajà fún wa gbé ọ̀kan jáde tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lu bí ajere. Ó ní, "Màdámù, kò sí èyí tó fúyẹ́ tó eléyìí." Lóòótọ́ ni, bí ìyẹ́ adìyẹ ló rí lọ́wọ́. A sanwó, a gbé e relé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ariwo fi sọ. Ẹ̀gbẹ́ máúsì náà ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bí ọmọ bá fún un mọ́wọ́, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ á tẹ ara rẹ̀. Bó bá tẹ tòkè lẹ́ẹ̀kan, máúsì á kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ ń pàdánù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ìyá sì ti lọ.

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ ni àbúrò mi ti mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ṣé torí pé àlùmọ́gàjí fúyẹ́ ni mo ṣe ń rà á ni? Èyí tó bá ọwọ́ mi mu, tí kò mì, tó ń gé ibi tí mo bá ní kó gé, òun ni mò ń rà." Ọ̀rọ̀ tán! Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju èyí náà lọ.

NÍBO NI EKU YÌÍ TI WÁ?

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Douglas Engelbart ló ronú kàn án. Ẹnìkejì rẹ̀, Bill English, ló bá a ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní California lọ́dún 1964. Igi ni wọ́n fi ṣe é! Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ yín ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o. Táyà kékeré méjì wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnì ẹyọ kan sì wà lórí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 1968, Engelbart fi í han ọ̀pọ̀ èrò ní San Francisco. Nítorí okùn tó ń wọ́ bí ìrù ni wọ́n ṣe ń pè é ní eku.

Nígbà tó yá, èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú dé. Bọ́ọ̀lù yẹn a máa kó ìdọ̀tí, a sì máa há. Ti ayé òde òní, iná kékeré ló ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà kékeré kan sì ń ya àwòrán orí tábìlì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohun tó fi ń mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ nìyẹn.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń WÁ ÈYÍ TÓ FÚYẸ́?

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà lásán, èyí tó bá rí ni kó lò. Ṣùgbọ́n nínú géèmù ìbọn bíi Counter-Strike, ọ̀tá lè yọ lójijì. Ọmọ ní láti fa máúsì wàrà lórí ẹní rẹ̀, kó dá a dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ọ̀tá wà, kó tẹ̀ ẹ́. Bí àyè bá tán, á gbé e sókè, á dá a padà sáàárín, á tún fà á. Báyìí ni á máa ṣe títí wákàtí méjì fi máa kọjá.

Ẹni tó bá ti ọmọlanke rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọlanke tó kún fún iṣu kì í tètè gbéra. Bó bá sì gbéra tán, kì í tètè dúró. Máúsì náà nìyẹn. Èyí tó wúwo máa ń kọjá ibi tí ọmọ fẹ́ kó dúró sí, ó sì máa ń mú kí ọwọ́ tètè rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹyin adìyẹ wọ̀n ọ́n. Ẹyin kan tó tóbi díẹ̀ máa ń tó gíráàmù 60. Ọ̀pọ̀ máúsì géèmù àtijọ́ máa ń tó gíráàmù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin méjì nìyẹn kù díẹ̀. Lọ́dún 2018, ilé-iṣẹ́ Logitech gbé èyí tí kò ní okùn jáde fún àwọn tó ń fi géèmù jẹun. Gíráàmù 80 ni. Lọ́dún 2020, wọ́n gbé òmíràn jáde tí kò tó 63. Lọ́dún 2023, ó di 60. Ilé-iṣẹ́ Razer náà kò gbẹ́yìn: tiwọn ti ọdún 2024 jẹ́ gíráàmù 54. Kò tó ẹyin kan, bẹ́ẹ̀ bátìrì wà nínú rẹ̀ o!

Báwo ni wọ́n ṣe ń dín in kù? Wọ́n ń sọ èèpo rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń lo bátìrì kékeré, wọ́n sì ń yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò. Àwọn kan ń lu ihò sí i lára. Ihò kò burú fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku àti òógùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Àmọ́ káfíńtà tó bá lo pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìdábùú gbè é. Ẹni tó sọ èèpo máúsì di tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fi nǹkan gbè é nínú, ó kàn ń fi ìfúyẹ́ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ni. Irú rẹ̀ ni a kó sí.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ẹ Ó YẸ̀ WÒ

Èkínní, ọwọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ọwọ́ ọmọ láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín. Òṣùwọ̀n kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù ń lò, kì í ṣe òfin: kí gígùn máúsì jẹ́ bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gígùn ọwọ́. Ọwọ́ tó jẹ́ ínǹṣì 7 àbọ̀, máúsì ínǹṣì 4 àbọ̀ ló tọ́ sí i. Ẹ tún wo bí ọmọ ṣe ń dì í mú. Àwọn kan ń tẹ́ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àwọn yẹn ń fẹ́ èyí tó gùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè. Àwọn kan ń ká ìka bí àṣá tó gbé òròmọdìẹ. Àwọn mìíràn ń fi orí ìka nìkan mú un. Èyí tó kéré ló dára fún wọn. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú un níwájú yín kí ẹ tó tú owó.

Èkejì, líle. Ẹ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ẹ ṣe máa ń fún ọsàn wò lọ́jà. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ dún, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ kò sì gbọdọ̀ tẹ ara rẹ̀. Ẹ mì ín sétí. Bí ẹ bá gbọ́ gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ àti ìrù. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń dán lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó dára, ohun kan náà tí wọ́n fi ń bo inú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ fà á lórí tábìlì: bí ẹsẹ̀ náà bá ń họ tábìlì, kò dára. Bó bá ní okùn, kí okùn náà rọ̀ bí okùn bàtà. Okùn tó bá le máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, gbogbo ìfúyẹ́ á sì di asán. Bí kò bá ní okùn, kó jẹ́ èyí tó ní ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Èyí tó jẹ́ Bluetooth nìkan ló ní máa ń falẹ̀ fún géèmù.

Ẹ̀kẹrin, bọ́tìnì. Ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí fódà kan, kó tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Bí fódà bá ń ṣí nígbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́tìnì ń kà. Àrùn tó wà lára tiwa gan-an nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, ojú rẹ̀. Ọlọ́jà á máa ka nọ́ńbà fún yín: DPI ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n! Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi géèmù ìbọn jẹun kì í lò ju 400, 800 tàbí 1600 lọ. Ohun tí ẹ ó wò ni pé bí ọmọ bá fà á wàrà, kí àmì orí kọ̀ǹpútà má fò, kó má gbọ̀n. Bó bá sì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti tó ọmọ ilé-ìwé lò.

OWÓ ŃKỌ́?

Èyí tí Logitech gbé jáde lọ́dún 2023 yẹn, dọ́là 159 ni wọ́n fi lé e lórí ní Amẹ́ríkà nígbà tó dé. Owó ọjà ni fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ má sọ ọ́ di owó géèmù. Èyí tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn wà tó le dáadáa, tó sì bá ọwọ́ mu. Gíráàmù mẹ́wàá tó lé lórí rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀gá kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé èyí tó wúwo díẹ̀ ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ sì má gbàgbé o: kò sí máúsì tó lè sọ ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ di ọwọ́ ọ̀gá. Bí ọrùn ọwọ́ ọmọ bá sì ń dùn ún, ìsinmi ló nílò kì í ṣe máúsì tuntun.

Ní tiwa, àbúrò mi wọn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni wọn aṣọ: ínǹṣì 6 àbọ̀. Máúsì oníhò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì 5! Ta ló máa bá a mu? A padà sọ́jà, a rí ọ̀kan tí gígùn rẹ̀ kò ju ínǹṣì 4 lọ. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí i. A fún un, kò dún. A mì ín, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ wa kò tíì di ọ̀gá wọn o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n tún nà án, ó ní: "Mọ́mì, lónìí, èmi ni mo pàdánù, kì í ṣe máúsì." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọwọ́ ọmọ yín ni ìtẹ́ eku yìí. Ẹ wọn ìtẹ́ kí ẹ tó ra eku. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ̀wé sí wa, kí àwọn ẹlòmíràn lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.