Táyà Gíga Lábẹ́ Mọ́tò Oko: Ẹ Ka Eyín Gíà Ẹ̀yìn Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kàn gbogbo ẹni tó ní mọ́tò akẹ́rù. Ó kàn àwọn oníṣòwò tó ń háyà mọ́tò kó iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá jáde láti oko. Ó sì kàn ẹni tó fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi owó ẹgbẹ́ ra píkọ́ọ̀pù, nítorí bí mọ́tò náà bá dákẹ́ sójú kan, ọrùn onídùúró ni gbèsè ń bọ̀.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà oko Kìṣí ṣe rí. Lẹ́ẹ̀rùn, yanrìn ni. Lójò, ẹrẹ̀ ni, táyà lọ́rí á sì ti gbẹ́ ọ̀nà náà títí àárín rẹ̀ á fi ga bí ebè. Nítorí èyí ni àwọn onímọ́tò wa ṣe fẹ́ràn kí wọ́n yọ táyà tó bá mọ́tò wá, kí wọ́n fi èyí tó ga jù ú lọ síbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Táyà gíga ń gbé ikùn mọ́tò kúrò lórí ebè àárín ọ̀nà, ó sì ń gun orí yanrìn dípò kó máa wa kòtò sínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò mọ́ ọn ni pé bí tọkọtaya ni táyà àti gíà ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ ò lè pààrọ̀ ọ̀kan kí èkejì má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wo abẹ́ mọ́tò yín lẹ́yìn. Nínú irin tó rí bí ìkòkò yẹn, irin eléyín méjì ló wà níbẹ̀. Píníọ̀nù ni kékeré, òun ló ń gba yíyí lọ́wọ́ pùrópẹ́là. Kíráùn ni ńlá, òun ló ń yí táyà. Bí kíráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀nù sì ní 10, ẹ pín 41 sí ọ̀nà 10, ẹ ó rí 4.10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pùrópẹ́là á yí ju ìgbà 4 lọ díẹ̀ kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni agbára ìfà á ṣe pọ̀ tó, tí eré á sì dín kù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta kò nílò àlàyé púpọ̀: bí púlì tó wà lára Lister bá kéré, tí ti ọlọ sì tóbi, ọlọ á máa rọra yí, ṣùgbọ́n àgbàdo gbígbẹ kò ní lè dá a dúró.

Wàyí o, ká ní Hilux àtijọ́ kan ní 4.10 lẹ́yìn, tí táyà rẹ̀ jẹ́ 205R16. Táyà yẹn ga tó bí ínṣì 29. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò á sún síwájú ní nǹkan bí ínṣì 91. Olówó wá ra 7.50-16, tó ga tó bí ínṣì 32. Lẹ́ẹ̀kan tí èyí bá yí, mọ́tò á sún tó ínṣì 100 àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnì kò mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ táyà. Agbára tó fi ń ti mọ́tò lọ sí ínṣì 91 ló tún fẹ́ fi tì í dé 100 àti ààbọ̀. Agbára ìfà tó dé ilẹ̀ ti fi bí ìdá 9 nínú 100 dín kù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹrù kò dín kù, ọ̀nà kò sì tíì dára.

Kí ni awakọ̀ á wá ṣe? Gíà tó gbéyìn kò ní wúlò fún un mọ́, nítorí ẹ́ńjìnì á máa kérora níbẹ̀. Á máa wà á ní gíà kẹta tàbí kẹrin níbi tó ti ń lo karùn-ún tẹ́lẹ̀, epo á sì máa lọ. Èyí ṣì kéré. Ibi tó ti ń burú ni ìgbà tó bá fẹ́ gbéra lórí yanrìn tàbí lẹ́bàá òkè, tó ti di àpò kún un. Á fi ẹsẹ̀ há kílọ́ọ̀ṣì, kò ní tẹ̀ ẹ́ tán, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, títí òórùn ìjóná á fi gba inú mọ́tò. Èèyàn á ra kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kíní, á tún rà á lẹ́ẹ̀kejì, á sì máa bú ẹni tó tà á fún un pé ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ọjà kún fún un. Ṣùgbọ́n táyà ni ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìṣirò tó ń sọ gíà tó yẹ kò le. Ẹ mú nọ́ńbà gíà tó wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po gíga táyà tuntun, kí ẹ wá pín in sí gíga táyà àtijọ́. 4.10 lọ́nà 32, ká pín in sí 29, ó jẹ́ 4.52. Kò sí 4.52 lọ́jà, ṣùgbọ́n 4.56 wà, ìyẹn eyín 41 sí 9. Òun ló máa dá mọ́tò náà padà sí bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ oko sí Kìṣí ni mọ́tò náà ń rìn lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ kì í fúyẹ́, èmi á ní kí olówó rẹ̀ wá 4.88, eyín 39 sí 8. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dà ló ń gùn jù, tó ń kó iṣu lọ sí Bódìjà n'Íbàdàn, kó má kọjá 4.56, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì á máa pariwo láti ilé dé ọjà.

Ẹ má fi ohun tí wọ́n kọ sára táyà nìkan ṣe ìṣirò. Ẹ di ẹrù sí mọ́tò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà níbi tó kan ilẹ̀, ẹ sàmì sílẹ̀ náà, kí ẹ tì í títí àmì táyà á fi padà kan ilẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn àárín àmì méjèèjì.

Láti mọ gíà tó wà lẹ́yìn mọ́tò láì tú u, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, ẹ fi òkúta há àwọn tó kù níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ yọ mọ́tò kúrò nínú gíà, kí ẹ sì tú bíréèkì ọwọ́. Ẹ yí táyà tó wà lókè ní ẹ̀ẹ̀mejì gééré, kí ẹnì kan máa ka iye ìgbà tí pùrópẹ́là yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, torí táyà kejì tó dúró nílẹ̀ ń jẹ ìdajì yíyí náà. Bó bá lé díẹ̀ ní 4, ó jẹ́ 4.10. Bó bá tó 4 àti ààbọ̀, 4.56 ni. Bó bá kù díẹ̀ kó pé 5, 4.88 ni.

Àwọn kan tún wà tó ń ṣe òdìkejì. Land Rover àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Series, 4.7 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Range Rover tó jáde ní 1970 àti Land Rover One Ten tó jáde ní 1983 ní 3.54, ṣùgbọ́n gíàbọ́ọ̀sì tó bá a mu ni wọ́n ṣe sí wọn. Àwọn mẹ̀káníìkì kan a máa yọ 3.54 yìí sínú Land Rover àtijọ́ kó lè sáré lórí ọ̀dà. Ó máa ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ìfà rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ oko, kó ka yíyí pùrópẹ́là kó tó sanwó.

Mọ́tò tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ní ẹrù tirẹ̀. Gíà iwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ tẹ̀yìn nìkan, lọ́jọ́ tí ẹ bá so iwájú pọ̀ mọ́ ọn, méjèèjì á máa bára wọn jà títí nǹkan kan á fi fọ́. Nítorí náà owó méjì lẹ ó ná.

Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Àráròmí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ má ra kíráùn lọ́tọ̀ kí ẹ ra píníọ̀nù lọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ ń lọ̀ wọ́n pọ̀ ni. Ẹni tí kò bá bá ẹnì kejì rẹ̀ dàgbà á máa hu, kò sì ní pẹ́ jẹ eyín ara rẹ̀. Lára Hilux àtijọ́, odidi ìkòkò náà ṣeé tú jáde láti iwájú ásùlù. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tò pé sínú ìkòkò rẹ̀ dára ju gíà tuntun tí mẹ̀káníìkì kan máa fojú díwọ̀n lọ.

Bíréèkì kò sí nínú gbogbo àtúnṣe yìí. Táyà gíga ń mú kó ṣòro fún bíréèkì láti dá mọ́tò dúró, gíà kò sì lè wo àìsàn yẹn. Aago eré náà á máa purọ́ bí ẹ kò bá tíì pààrọ̀ gíà: níbi tó bá kọ 80, 88 lẹ ń sá. (Fún àwọn tí aago wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.)

Èrò tèmi ni pé bí owó kò bá tó ra táyà àti gíà pọ̀, kí èèyàn fi táyà tó bá mọ́tò wá sílẹ̀, kó dín ẹrù kù lójò. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá yá owó mọ́tò lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó kọ iye táyà àti iye gíà méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, kí onídùúró rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ ka pùrópẹ́là yẹn. Ẹni tó bá sì ti fi gíà tuntun sí i, kó má di ẹrù kún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá rìn tó máìlì 500, kó da ọ́ìlì 90 tó wà nínú ìkòkò nù, kó rọ òmíràn sí i.