Ọkọ̀ àlòkù tó lábùkù: ẹ lè gba owó padà láìdá ọkọ̀ náà padà

Ká ní ìyá oníṣu kan ní Savè lọ ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù ní Kútọnu, ó san 2,500,000 fáràǹkì séfà. Lọ́jọ́ tó sanwó, ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí èéfín funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí omi sì ń gbẹ. Mẹkáníìkì tú u, ó rí i pé orí ẹ́ńjìnnì ti là tipẹ́, wọ́n kàn fi àtè lẹ̀ ẹ́ ni.

Àwọn aládùúgbò á ní kó dá ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n iṣu ti jáde, ọjà Glazoué ti Ọjọ́rú kò ní dúró dè é, ẹni tó tà á sì lè ti ná owó náà.

Ọ̀nà mìíràn wà nínú òfin. Code civil, ìwé òfin tí Benin jogún lọ́wọ́ Faransé, sọ ní abala 1644 pé bí ọjà bá ní àbùkù tó fara sin, ẹni tó rà á ló máa yàn: kó dá a padà kó gba gbogbo owó rẹ̀, tàbí kó mú un dání kó gba díẹ̀ padà nínú owó náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa ṣírò iye tí àbùkù náà gé kúrò lára ọkọ̀. Kì í ṣe olùtajà ló máa dá iye tó wù ú.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Volkswagen, tó fi kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tan àwọn tó ń yẹ èéfín wò. Nínú àdéhùn tí adájọ́ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ẹni tó ní ọkọ̀ lè tà á padà fún wọn, tàbí kó mú un dání, kí wọ́n tún un ṣe, kó sì tún gba owó. Fún ọ̀pọ̀ wọn, owó náà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 5,100.

Àbùkù tí ojú lè rí lọ́jọ́ ọjà, bíi táyà tó ti jẹ tán, kò sí nínú rẹ̀. Àwọn olùtajà kan sì máa ń kọ «vendu en l'état» sínú ìwé, pé bó ṣe wà ni wọ́n ṣe tà á. Ọ̀rọ̀ yìí lè dí ẹ lọ́nà, àyàfi bí ẹ bá fi hàn pé olùtajà mọ àbùkù náà. Bó bá mọ̀ ọ́n, abala 1645 ní kó san owó àdánù pẹ̀lú. Àtè orí ẹ́ńjìnnì kò kúkú lẹ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lẹ̀ ẹ́? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń wà.

Ẹ má ṣe jáfara. Code civil kò ka ọjọ́, ó kàn ní kó má pẹ́. Láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò, òfin OHADA tí wọ́n tún ṣe ní Lomé lọ́dún 2010 fún yín ní oṣù kan láti fi àbùkù tó hàn sùn, àti ọdún kan fún èyí tó fara sin, láti ìgbà tí ẹ rí i tàbí tó yẹ kí ẹ ti rí i.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ènìyàn wa jẹ gan-an ni ìparí ìjà. Olùtajà á na 150,000 sí yín, á ní kí ẹ fọwọ́ síwèé. Ẹ ka ìwé náà, tàbí kí ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé kà á fún yín. Bí ẹ bá ti parí ìjà lórí ìwé, ó dà bí ìdájọ́ tí kò ṣeé pè padà, abala 2052 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí gíà náà bá tún bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí ìwé sì ní ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín lórí ọkọ̀ náà, ẹnu yín ti dí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àbùkù tí ẹ gba owó lé lórí, pé òun nìkan ni, àti pé ọkọ̀ ṣì jẹ́ tiyín. Àwọn àgbà ìlú lè bá yín pẹ̀tù sí i, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí mẹkáníìkì tó tún un ṣe, ẹ ya fọ́tò, ẹ pe olùtajà wá wò ó, bí agbára bá sì wà, ẹ mú huissier wá kó kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì tó là yẹn, ẹ gbé e sílé. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì tà á fún àwọn onírin.