BAC Kí Àsìkò Rẹ̀ Tó Tó: Èrè Tàbí Gbèsè?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Òkúdù bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ BAC ni ó máa ń gba ẹnu òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu. Láàrin àwọn tí ń retí ìdánwò náà ni a ti ń rí ọmọ première tí ó gbà pé òun ti gbọ́n tó, tí kò sì rí ìdí tí òun yóò fi lo ọdún kan sí i ní terminale. Ṣé ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá ọ̀nà láti ṣe BAC gẹ́gẹ́ bí candidat libre, kí ó sì wọ yunifásítì ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìdí tí ìkánjú fi wà

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọdún 6 ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti CI dé CM2. Ọdún 7 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, láti sixième dé terminale. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 6 yóò ti tó 18 tàbí 19 kí ó tó gba BAC, bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe. Lẹ́yìn náà ni licence ọdún 3 yóò tún tẹ̀ lé e. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò dúró, àwọn àbúrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, òbí tí ó fẹ́ dín ọdún kan kù kò ṣe ìwọra. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni iye tí ọdún náà yóò ná òun.

Ọmọ ọdún 15 ní Atlanta

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun láyé. Martin Luther King, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tọ̀ ọ́. Ọdún 1929 ni wọ́n bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí iṣẹ́ ológun ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, Morehouse College ní Atlanta gba àwọn ọmọ tí kò tíì parí ilé ẹ̀kọ́ girama, bí wọ́n bá yege ìdánwò àbáwọlé. King yege. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó wọlé ní 1944, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ àwùjọ ní 1948, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19.

Àwọn tí ń fi í ṣe àpẹẹrẹ kì í sábà sọ ìyókù. King fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun dé Morehouse, ìwé kíkà òun kò ju ti ọmọ kíláàsì kẹjọ lọ. Ó ní láti sapá kí ó tó dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n kò dá nìkan wà. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ni ó ti ń lọ sí kíláàsì. Bàbá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀ ti kàwé ní Morehouse ṣáájú rẹ̀. Benjamin Mays, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, sì di olùtọ́sọ́nà fún un. Ọpọlọ ni ó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ènìyàn ni kò jẹ́ kí ó ṣubú lẹ́yìn tí ó wọlé.

Ewu 10 nínú 20

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ náà mọ́ tó?

Ẹ̀kọ́ terminale ni BAC ń dán wò. Ọmọ première tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ohun tí olùkọ́ yóò fi ọdún kan kọ́ àwọn yòókù. Bí kò bá yege, kò pàdánù púpọ̀: yóò wọ terminale pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì tún un ṣe. Ẹni tí ó yege pẹ̀lú 10 nínú 20 gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìrònú. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n máàkì náà ni yóò máa bá a kiri.

Ẹ rántí pé ní yunifásítì ìjọba, máàkì ni a fi ń to àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ẹ̀ka kan náà, àti àwọn tí ó ń wá bourse. Ọmọ tí ìbá gba 14 lẹ́yìn terminale, tí ó wá fi ìkánjú gba 10, lè pàdánù ẹ̀ka tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, kí òbí rẹ̀ sì máa fi owó ara rẹ̀ san ohun tí ìjọba ìbá san. Ọdún tí a fò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a lè san án padà ní yunifásítì tòun ti èlé.

Ní òdìkejì ààlà

Àwọn ará wa ní Ìmẹ́kọ, tí ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ọdún 1889 yà kúrò lára Kétu, ń jà ìjà kan náà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ SS2 ni ó ń ṣe GCE kí wọ́n tó parí girama. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tahir Mamman, kéde pé ẹni tí kò bá tó ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Ariwo ta. Ní oṣù Bélú ọdún náà, Tunji Alausa tí ó gba ipò rẹ̀ dá a padà sí 16. Ní 2025, JAMB fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tó 16 tí ọpọlọ rẹ̀ bá ta yọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba 320 ó kéré tán nínú 400.

Ọjọ́ orí àti máàkì ni ìjọba lè béèrè. Ìbéèrè kẹta kù fún ìdílé: ta ni yóò wà nítòsí ọmọ náà?

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ẹ fún ọmọ náà ní àwọn ìdánwò BAC ọdún àtẹ̀yìnwá, kí ó fi agogo ṣe wọ́n, kí olùkọ́ terminale sì fún un ní máàkì láìṣojúsàájú. Bí ó bá ń gba 14 sókè nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ṣe kókó fún ẹ̀ka rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Bí 10 tàbí 11 bá ni, terminale ni àyè rẹ̀.

Ẹ béèrè ìlànà ọdún náà lọ́wọ́ Office du Baccalauréat kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni yí ọjọ́ ìbí ọmọ padà nínú ìwé. Irọ́ yẹn kì í kú.

Ẹ ro ibùgbé. Abomey-Calavi lé ní 100 kìlómítà sí Kétu, ọmọ tí kò tó 18 kò sì tíì dàgbà lójú òfin láti fọwọ́ sí ìwé ilé fúnra rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá? Ẹni tí iṣẹ́ àgbẹ̀ bá wù kò ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ní 2013 ni a dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu níhìn-ín, èyí tí ó di Université Nationale d'Agriculture ní 2016.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí kò ní kí ẹ má ṣáájú. Ó ní kí ẹni tí ó bá ń ṣáájú mú àgbà kan dání. Bí máàkì bá tó, tí ilé bá wà, tí alágbàtọ́ sì wà, ẹ máa lọ, a ó ṣàdúrà fún yín. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọdún kan ní terminale kì í ṣe ìtìjú.