Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì àti Abẹ́rẹ́ Omi

Bí ẹ bá gbé aláìsàn láti Elegbeka dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì ní kí a fa omi sí i lára, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá dúró tì í, ẹ má ṣe lé e. Apá rọ́bà ni ó kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ké, iṣan rẹ̀ kì í sì í sá fún abẹ́rẹ́.

Yóò so okùn mọ́ apá, yóò fi ìka wá iṣan, yóò fi sípíríìtì nu ibẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, yóò ti ike tínrín wọlé, yóò tú okùn, yóò sì fa irin jáde. (Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé irin ni ó ń kù nínú iṣan, ike ni.) Bí ó bá gún un lẹ́ẹ̀mejì tí kò bọ́ sí i, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò bà mí lẹ́rù tó ẹni tí ó dá ara rẹ̀ lójú jù, tí ó ń dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí ó ti lò. Ibà Lassa wà ní agbègbè wa, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sì lè kó o ran nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1969 tí a kọ́kọ́ mọ àrùn náà, ó pa nọ́ọ̀sì méjì ní Jos. Inú àpótí abẹ́rẹ́ ni kí ó jù ú sí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ bá a di ọmọ mú. Bí ibẹ̀ bá wú, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ má fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́.