Ta Ni Kọ̀ǹpútà Yín Ń Béèrè Ọ̀nà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Àlàyé Lórí DNS Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ owó orí, owó ilé àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé la sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ètò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà la fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà kan náà ni púpọ̀ nínú wa ti ń wọ báńkì, tí a ti ń fi ìwé owó orí ránṣẹ́ sí CRA kí 30 oṣù Kẹrin tó pé, tí àwọn ọmọ sì ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Orúkọ ètò náà ni DNS.

Kí ni DNS?

Gbogbo ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n orúkọ ni àwa ènìyàn ń rántí. Bí ẹ bá tẹ canada.ca, kọ̀ǹpútà yín á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn pé, "Níbo nìyẹn wà?" Èyí tó ń dáhùn á sọ nọ́ńbà tí ó yẹ kó lọ. Ètò yìí là ń pè ní DNS. Paul Mockapetris ló gbé e kalẹ̀ ní 1983. Bí ẹ kò bá yí ohunkóhun padà, ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì fún, bíi Telus tàbí Rogers, ló sábà máa ń dáhùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù sọ́wọ́ ẹni tí a bi. Bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Òṣòdì bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbájúẹ̀, ibi tó wu gbájúẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2011

Ní oṣù Kọkànlá 2011, FBI kéde pé ọwọ́ ti tẹ ọmọ ilẹ̀ Estonia mẹ́fà lórí ọ̀ràn fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní DNSChanger. Ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù 4, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń ṣe ni pé ó ń yí DNS padà láìjẹ́ kí olówó kọ̀ǹpútà mọ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ sí ìkànnì IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, á bá ara rẹ̀ ní ìkànnì ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń bá ènìyàn ṣe ìwé owó orí. Ó kéré tán, mílíọ̀nù 14 dọ́là ni wọ́n fi pa. Ilé-ẹjọ́ gbà kí a fi kọ̀ǹpútà mímọ́ rọ́pò tiwọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì pa ìyẹn náà ní 9 oṣù Keje 2012, ẹni tí kò tíì tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe wà nínú ewu pé kò ní lè dé ibi kankan mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń dáhùn ìbéèrè kọ̀ǹpútà yín lágbára lórí owó yín. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ta ni ká yàn?

CIRA, àjọ tó ń bójú tó àwọn orúkọ ìkànnì tó parí sí .ca, gbé Canadian Shield jáde ní oṣù Kẹrin 2020. Ọ̀fẹ́ ni fún ìdílé. Oríṣi mẹ́ta ló wà:

Private: 149.112.121.10 àti 149.112.122.10. Ó ń dáhùn nìkan, kò dí ìkànnì kankan.

Protected: 149.112.121.20 àti 149.112.122.20. Ó ń dí ìkànnì tó ní fáírọ́ọ̀sì àti ayédèrú tó ń ṣe bí ẹni pé báńkì ni.

Family: 149.112.121.30 àti 149.112.122.30. Ó ń ṣe ti Protected, ó sì tún ń dí ìkànnì ìṣekúṣe.

Google (8.8.8.8) àti Cloudflare (1.1.1.1) náà wà, wọ́n sì yára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjèèjì yìí kò wà fún dídí ìkànnì búburú. Ní ilé tí ọmọdé bá wà, Family ni a rò pé ó dára jù.

Bí a ṣe ń yí i padà lórí Windows 11

1. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ Network & internet, lẹ́yìn náà Wi-Fi, lẹ́yìn náà Hardware properties.

2. Ẹ wá DNS server assignment. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ tó tẹ Edit.

3. Ẹ yan Manual, kí ẹ tan IPv4. Ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ sí Preferred DNS, èkejì sí Alternate DNS, kí ẹ tẹ Save.

Lórí Mac, System Settings ni, lẹ́yìn náà Network, Wi-Fi, Details, DNS. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń lo IPv6 pẹ̀lú, ẹ gba nọ́ńbà tirẹ̀ ní ìkànnì CIRA, kí kọ̀ǹpútà má baà gba ẹ̀yìn lọ béèrè níbòmíràn. Bí nǹkan kò bá lọ dáadáa, ẹ padà sí Edit, kí ẹ yan Automatic (DHCP). Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí

Kọ̀ǹpútà tí ẹ bá yí nìkan ni èyí kàn. Tí ẹ bá fẹ́ kó kan fóònù àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé, orí router ni ẹ ó ti ṣe é, bí router yín bá gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní ayálégbé ní bésímẹ́ǹtì tó ń lo Wi-Fi yín, ẹ sọ fún un kí ẹ tó ṣe é, torí yóò kan òun náà. Fóònù tó bá ń lo dátà lóde kò sí lábẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kò ṣe é fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ.

DNS kò sì lè dá ẹni tó ń pè yín lórí fóònù dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé kí ẹ jẹ́ kí òun bá yín tún DNS ṣe, tàbí pé CRA ló rán òun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ìkànnì ayédèrú tí wọ́n ṣí lánàá náà lè tíì má sí nínú àkọsílẹ̀. Ẹ ṣì máa wo orúkọ ìkànnì dáadáa kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni iṣẹ́ yìí gbà. Ẹ ṣe é kí àsìkò owó orí tó wọlé dé, kí ẹ sì bá àwọn àgbà tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò ṣe tiwọn. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ òógùn ojú wa. Ire o.